Ìpàtẹ Ìbọn Àwa Arúgbó ní Peckham

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ fi fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Mo ti rí àwòrán tí ẹ fẹ́ fi hàn mí. Wàsíù ló kọ́kọ́ gbé e sí mi lójú lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó ní, "Bàbá, ìpàtẹ ìbọn ń bọ̀ ní Sátidé. Wọ́n ní ẹ̀yin náà máa ń lọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣé ó ṣì tó ohun téèyàn ń lọ wò?" Mo ní kó wá bi mí nílé. Mi ò mọ̀ pé gbogbo ẹ̀yin ọmọ ilé kéwú ló máa kó dání. Kò burú. Ìyá ti gbé omi tíì kaná, àkàrà náà ń bọ̀.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé inú ń bí mi. Bí ohùn mi bá lọ sókè, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí. Ìbéèrè Wàsíù dára, àmọ́ kì í ṣe èyí tí mo lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n bà jẹ́, ó ní láti kọ́kọ́ mọ bó ṣe rí nígbà tó dáa.

Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi ń ṣe ní ìlú wa. Wọ́n ń rọ ọkọ́, wọ́n ń rọ àdá, ṣùgbọ́n ìbọn ọdẹ ni wọ́n fi mọ̀ wọ́n, èyí tí à ń pè ní ṣakabùlà, tí wọ́n ń ti ẹnu rẹ̀ ki ẹ̀tù àti ọta. Ìbọn yẹn ló ń gbé àwọn ọdẹ láti ìlú mìíràn wá sí àgbàlá wa. Tí mo bá dijú báyìí, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ ni ẹwìrì tí à ń fín, tó ń mí fìì, fìì, bí ẹni tó sùn lọ lórí ẹní. Lẹ́yìn náà ni òòlù. Òòlù bàbá mi kì í pariwo. Wọ́n á lù ú lẹ́ẹ̀kan sórí irin, wọ́n á sì lù ú fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bíi pé irin náà sọ nǹkan, tí wọ́n ń dá a lóhùn.

Tí ọdún ọdẹ bá kù díẹ̀, gbogbo ọdẹ ìlú ló ń kó ìbọn wọn wá kí bàbá mi lè yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á tẹ́ ẹní sábẹ́ igi ọdán, wọ́n á tò wọ́n sórí rẹ̀, gbogbo ẹnu ìbọn á kọjú sí ẹ̀yìn ọgbà níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà kọjá. Kò sí ẹni tó pè é ní ìpàtẹ, ṣùgbọ́n ìpàtẹ ìbọn àkọ́kọ́ tí mo rí láyé mi nìyẹn. Ẹ ò ní rí méjì tó jọra. Ti ẹlòmíì ti gbó débi pé igi ìdí rẹ̀ ń dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Ti ẹlòmíì, awọ erè ni wọ́n fi dì í níbi tó ti là. Bàbá mi á gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sétí, wọ́n á fa òòlù kékeré orí rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n á fi sílẹ̀, kẹ́, wọ́n á tún fà á, kẹ́. Tí ìró náà ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á gbé e sọ́tọ̀. Ẹni tó ni ín á sì dúró tì wọ́n bí ìyá tó gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà.

A máa ń rẹ́rìn-ín. Ọdẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Tìmọ́, èèyàn gíga tó fẹ́ràn àsọdùn. Lọ́dún kan, ó kan òun láti yìnbọn níwájú ọba. Ó gbá fìlà rẹ̀ sẹ́yìn, ó fẹsẹ̀ ilẹ̀ dúró, ó fà á. Ìbọn náà kàn wúkọ́ ni, èéfín díẹ̀ jáde, ó rọra gba abẹ́ dàńṣíkí rẹ̀ gòkè. Ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń se ẹ̀kọ ló gbé ẹ̀tù sí, oòru omi sì ti mú un. Ọba rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Bàbá Tìmọ́ di ẹ̀tù sínú fìlà, ó dé e mọ́rí wá, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá a mọ́ra nítorí kó má baà dànù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í fi rẹ́rìn-ín. Ọdẹ tó lókìkí jù nílùú wa nígbà náà, ẹni tó dá pa ẹfọ̀n, gbé ìbọn kan nílẹ̀ lórí ẹní lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ó yí ẹnu rẹ̀ sí àna rẹ̀ tó jókòó níbẹ̀, ó ní, "Àna mi, ẹ tètè máa sá." Eré ló ń ṣe. Ìbọn náà ṣófo, gbogbo wa la mọ̀ pé ó ṣófo, torí ojú wa ni bàbá mi ṣe tú u palẹ̀ tí wọ́n tún tò ó. Bàbá mi fi irin sílẹ̀ nínú iná. Olórí ọdẹ dìde, ó gba ìbọn lọ́wọ́ akọni náà, ó ní kò ní gbé ìbọn lọ́dún náà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Nígbà tí àwọn ọdẹ jáde tí wọ́n ń sun ìjálá yí ìlú ká, tí gbogbo wọn gbé ìbọn kọ́ èjìká, ọwọ́ lásán ni ọkùnrin yẹn jù káàkiri. Kò jiyàn, kò sì sá pa mọ́ sílé. Nígbà tí mo bi bàbá mi pé kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ìbọn òfìfo fi le tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ọwọ́ tó bá ti mọ́ lára láti na èyí tó ṣófo séèyàn, kò ní dá èyí tó kún mọ̀ lọ́jọ́ tó bá dé ọwọ́ rẹ̀.

Mo dé Lọ́ńdọ̀nù, mo ríṣẹ́ ní gáráàjì bọ́ọ̀sì, níbi tí mo ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. North Peckham là ń gbé, nínú àwọn ilé káńsù tí wọ́n fi afárá so mọ́ra wọn lókè. Ẹ̀yin ò bá a, wọ́n ti wó èyí tó pọ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó bí yín. Ẹni tó bá ń gbé lókè lè kí ilé méje, mẹ́jọ kó tó sọ̀ kalẹ̀, òórùn ọbẹ̀ ẹlòmíì á sì bá a dé àtẹ̀gùn. Mo láyọ̀ níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń ṣe mí ni pé kò sẹ́ni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ irin.

Ibi iṣẹ́ ni Len ti rí mi. Òyìnbó kúkúrú kan ni, ọmọ South London gan-an, tó máa ń fi pẹ́ńsùlù sẹ́tí. Ó dúró wò mí níbi tí mo ti ń fi fáìlì ha irin kan, ó ní, "Ta ló kọ́ ọ láti di fáìlì mú báyìí?" Mo ní bàbá mi ni. Ó ní kí ni bàbá mi ń ṣe. Mo ní ìbọn. Ojú rẹ̀ yí padà, mo rò pé mo ti sọ ohun tí kò yẹ. Ó ní, "Ní Sátidé, má ṣe bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn."

Inú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ló mú mi lọ, kò jìnnà sí Peckham Rye. Òjò ń rọ̀, gbogbo ibẹ̀ ń rùn bí ẹ̀wù òtútù tí òjò rin àti òróró ìbọn. Tábìlì kún ibẹ̀, wọ́n fi aṣọ bò wọ́n, ìbọn àtijọ́ sì wà lórí wọn: ti ogun ayé àwọn baba ńlá wọn, ti ọdẹ ẹyẹ, àwọn kékeré tí wọ́n ń fi sápò, ìwo màlúù tí wọ́n ń da ẹ̀tù sí. Kò sí ẹ̀tù nínú èyíkéyìí. Àwọn arúgbó tó ni wọ́n ló jókòó sẹ́yìn tábìlì pẹ̀lú fúláásìkì tíì, wọ́n wọ súwẹ́tà tí ìyàwó wọn hun. Nígbà tí mo wọlé, ọ̀rọ̀ dá. Èmi nìkan ni dúdú. Ọkùnrin kan tiẹ̀ rọra gbé ìbọn kékeré kan kúrò lórí tábìlì rẹ̀ sí abẹ́. Len rí i. Ìdí tábìlì ọkùnrin náà gan-an ló mú mi lọ, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi nìyí. Àwọn bàbá rẹ̀ ṣì ń rọ irú èyí tí ìwọ kàn ń tà."

Ọkùnrin yẹn wò mí. Ó béèrè pé níbo là ti ń rí òkúta tó ń ṣáná fún ìbọn wa. Mo sọ fún un. Ó tún béèrè nípa igi tí a fi ń ṣe ìdí rẹ̀. Ká tó mọ̀, ó ti fa àga kan sọ́dọ̀ mi, ó bu tíì fún mi nínú ìdérí fúláásìkì, ó sì gbé ìbọn tó fi pa mọ́ wá sókè, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo gbé e sétí, mo fa òòlù rẹ̀. Kẹ́. Ẹ̀yin ọmọ yìí, omi bọ́ lójú mi nínú gbọ̀ngàn òyìnbó. Mo díbọ́n bíi pé tíì ló gbóná.

Láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí ìpàtẹ bá wà ni mo ń lọ. Ìyàwó mi á ní, "Bàbá Múlíkátù, àwọn ọkọ ẹlòmíì ń lọ wo bọ́ọ̀lù, ẹ̀yin ń lọ wo irin tó ti dípẹtà." Síbẹ̀, á dín àkàrà sínú ike fún mi, á ní kí n pín in. Àwọn arúgbó yẹn fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n máa ń béèrè ike náà kí wọ́n tó béèrè àlàáfíà mi. Èmi àti Len gba tábìlì kan, a ń ta sipíríǹgì àti síkúrù àti òòlù kékeré tí a fọwọ́ wa ṣe fún ìbọn tó ti gbó. A jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án, tó bá kọ́kọ́ tọrọ àyè. Ìlànà ibẹ̀ ni. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan, ẹ ó tọrọ àyè. Tẹ́ ẹ bá gbé ìbọn, ẹnu rẹ̀ á kọjú sílẹ̀. Tí àlejò kan bá sì nà án sí ẹlòmíì, bó bá ṣe eré ni, gbogbo gbọ̀ngàn á pa rọ́rọ́, ẹnì kan á dìde, á fi ẹnu ọ̀nà hàn án. Mo rò ó lọ́kàn mi pé àwọn wọ̀nyí ò mọ bàbá mi, wọn ò mọ ìlú wa, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ kan náà la jọ jáde.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣòroó sọ.

Lókè ilé wa ní North Peckham, Àlàájà Síkírátù ń gbé. Ẹ mọ̀ wọ́n, àwọn ló máa ń jókòó sídìí ògiri lápá obìnrin ní mọ́ṣáláṣí, tí wọ́n ń fún yín ní súìtì míǹtì tẹ́ ẹ bá kí wọn. Wọ́n bí ọmọkùnrin kan, Jámíù. Òun àti Múlíkátù ọmọbìnrin mi jọ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ni, wọ́n jọ ń jà lórí bọ́ọ̀sì, wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan dá wọn dúró lórí afárá. Ọ̀kan nínú wọn yọ ìbọn, ó nà án sí Jámíù. Ìbọn náà dún. Múlíkátù mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí ọmọ tó yìnbọn wí ní kóòtù ni pé òun ò ní in lọ́kàn láti pa á, òun kàn fẹ́ fi dẹ́rù bà á ni, òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan wà nínú rẹ̀.

Mi ò lọ síbi ìpàtẹ fún ìgbà pípẹ́. Ojú ń tì mí láti gbé àpótí sipíríǹgì mi sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kan náà. Àlàájà fúnra wọn ló kan ilẹ̀kùn wa, wọ́n ní, "Bàbá Múlíkátù, mo gbọ́ pé ẹ ò lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ yín mọ́. Ẹ lọ. Ká ní ọ̀kan nínú àwọn arúgbó yẹn ti kọ́ ọmọ tó pa Jámíù, bóyá kò ní na nǹkan sí i." Ìyẹn ni mo fi padà. Láti ìgbà náà, ọmọ èyíkéyìí tó bá sún mọ́ tábìlì wa, ẹ̀kọ́ yẹn ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ kí n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan síkúrù kan.

Àwọn tó ń ṣètò ìpàtẹ náà kú díẹ̀díẹ̀, àwọn tó kù darúgbó. Ilé iṣẹ́ kan gbà á. Wọ́n gbé e lọ sí gbọ̀ngàn ńlá kan nítòsí ojú irin, ní ẹ̀yìn ọjà Rye Lane. Mo kọ́kọ́ dunnú sí i, torí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Ìgbà tí mo wọlé ni mo rí i pé orin ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn ò lè gbọ́ kẹ́. Ìbọn oníke ló kún ibẹ̀, tí àwọn àgbàlagbà fi ń ṣe eré ogun nínú igbó lópin ọ̀sẹ̀. Aṣọ sójà, bàtà sójà, báàjì àwọn ọmọ ogun apààyàn ayé ìjọsí, ọ̀bẹ onírúurú nínú gíláàsì. Ẹnikẹ́ni ò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń gbé e, wọ́n ń fì í, wọ́n ń ya fọ́tò. Wọ́n ti gbé tábìlì èmi àti Len lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyàgbẹ́. Len ní kí n ṣe sùúrù, pé bóyá ó máa tún dára.

Ní ìpàtẹ tó kọjá, orókún ń dùn mí, Múlíkátù ló bá mi gbé àpótí. Nọ́ọ̀sì ni, ẹ mọ̀ ọ́n, ó ti lọ́mọ méjì. Láti ọjọ́ Jámíù, kò wọ ibi tí ìbọn wà rí. Ó ní òun kàn máa gbé e dé ìdí tábìlì ni, òun á sì lọ ra ẹja ní Rye Lane.

Láàárín gbọ̀ngàn, wọ́n ti kó àpò yanrìn jọ, wọ́n kun ògiri kan lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni pé wàá dúró sídìí ògiri, wàá ká ọwọ́ sókè, ọkùnrin kan tó fi ìbòjú bojú á na ìbọn oníke sí ọ lórí, wọ́n á yà ọ́ ní fọ́tò, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí fóònù rẹ. Ní Peckham. Ìlà àwọn tó ń dúró dé ipò wọn gùn dé ẹnu ọ̀nà, àwọn bàbá àti ìyá di ọmọ wọn lọ́wọ́ mú nínú rẹ̀. Ìlà yẹn ni à ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá nígbà tí oníbòjú náà rí Múlíkátù. Bóyá ó rò pé á bá òun rẹ́rìn-ín. Ó yí padà, ó gbé ẹnu ìbọn náà sí iwájú orí rẹ̀, ó ní, "Rẹ́rìn-ín, olólùfẹ́."

Múlíkátù dúró. Àpótí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo síkúrù fọ́n ká. Kò ké, kò sá. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, bí ọmọ tó ṣì wà lórí afárá.

Mi ò mọ ìgbà tí mo di ẹnu ìbọn náà mú, tí mo tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, tí mo sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fúyẹ́ bí ike omi. Ìyẹn gan-an tún dá kún ìbínú mi.

Ó ní, "Bàbá, ike ni o."

Mo ní, "Ta lo nà á sí?"

"Mo ní ike ni. Ẹ wò ó."

"Mi ò bi ọ́ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Mo ní, ta lo nà á sí?"

Sikióríìtì ti ń sáré bọ̀. Lójú àwọn tó ń wò wá, arúgbó aláwọ̀ dúdú kan ti já ìbọn gbà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Sikióríìtì náà dé ọ̀dọ̀ wa, ó wò mí, mo rí i tí ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ọmọ wa ni, Káyọ̀dé lorúkọ tó wà láyà rẹ̀. Ó ní, "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi. Kí ló ṣẹlẹ̀, sà?"

Mo fún un. Mo ní kó wo ọmọ mi. Ó wò ó, ọwọ́ Múlíkátù ṣì wà lókè. Ó bá a sọ ọwọ́ náà kalẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, jẹ́jẹ́. Ó ní, "Aunty, ó ti tán. Ẹ jẹ́ ká mí."

Ẹni tó ń ṣètò ìpàtẹ náà dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ jákẹ́ẹ̀tì dáadáa ni, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó ní òun kábàámọ̀ pé ẹ̀rù ba madam, ṣùgbọ́n èmi ni mo fọwọ́ kan òṣìṣẹ́, àwọn ò sì gba irú ìwà bẹ́ẹ̀, kí Káyọ̀dé mú mi jáde. Mo ṣàlàyé fún un. Mo sọ ti Jámíù fún un, mo sọ ibi tí afárá náà wà, tí kò jìnnà síbi tí a dúró sí. Ó ní òun kẹ́dùn gan-an, ṣùgbọ́n fọ́tò lásán ni, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn rẹ̀.

Len ti kúnlẹ̀ nílẹ̀, ó ń ṣa síkúrù wa. Ó dìde, ó ní, "Láyé tiwa, oníbòjú yẹn la máa lé jáde."

Ọ̀dọ́mọkùnrin oníjákẹ́ẹ̀tì náà ní, "Láyé tiyín, èèyàn mélòó ló ń wá?"

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìrera. Ó béèrè rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ ni. Len wo ìlà tó gùn dé ẹnu ọ̀nà. Ó lọ sídìí tábìlì wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó sipíríǹgì padà sínú agolo, kò sì gbójú sókè. Ẹ̀yin ọmọ yìí, mo ti bínú kó tó dìgbà náà, ṣùgbọ́n ibi tí mo ti rí ẹ̀yìn Len tó tẹ̀ lórí agolo yẹn ni mo ti mọ̀ pé wọ́n ti gba nǹkan lọ́wọ́ wa.

Káyọ̀dé mú wa jáde. Ní ìta, lójú gbogbo àwọn tó ń lọ ra iṣu àti aṣọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó ní, "Ẹ foríjì mí, sà. Iṣẹ́ ni."

Inú ṣì ń bí mi. Múlíkátù ló fà á dìde, ó ní, "Please, ẹ padà síbi iṣẹ́ yín. Ẹ̀yin kọ́." Nígbà tí a dé ibùdókọ̀, ó jókòó, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Daddy, mo rò pé mo ti gbàgbé."

Bọ́ọ̀sì wá, bọ́ọ̀sì lọ, a ò wọ̀ ọ́. Ẹja tó fẹ́ rà náà, a ò rà á mọ́.

Múlíkátù fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún Àlàájà. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ, ó ní kò yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Àlàájà ò sunkún. Wọ́n ní kí a mú àwọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ni gbọ̀ngàn. A lọ, àwa mẹ́ta àti Len. Ọkùnrin tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ gbà wá dáadáa, ó fún wa ní bisikíìtì. Ó ní òfin ò lòdì sí i, oníke ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíì tó ráhùn. Àlàájà gbọ́ ọ tán, wọ́n ní kí Múlíkátù bá àwọn túmọ̀ ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé ọkùnrin yìí lè jẹ́ kí wọ́n nà án sí ọmọ tirẹ̀?" Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní fọ́tò lásán ni. Àlàájà dìde, wọ́n gbé báàgì wọn. Wọn ò fọwọ́ kan bisikíìtì.

Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi, Wàsíù. Ìlú tí a ti sin ọmọ, tí a mọ orúkọ wọn, tí àwọn ìyá wọn ṣì ń gba ọjà kan náà kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ kékeré pé kó ká ọwọ́ sókè kó rẹ́rìn-ín. Ohun tí ọdẹ tí kò mọ̀wé mọ̀ lábẹ́ igi ọdán, ohun tí òyìnbó onísúwẹ́tà mọ̀ nídìí fúláásìkì, ẹni tó wọ jákẹ́ẹ̀tì dáadáa ní fọ́tò lásán ni. Len ò gba tábìlì mọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, òun àti àwọn arúgbó méjì tó kù máa ń wá sí kíṣìnnì yìí, a máa ń tú ìbọn àtijọ́ palẹ̀ lórí tábìlì tí ẹ ti ń jẹ àkàrà yìí, ìyàwó mi á sì máa bínú pé òróró ti kan aṣọ tábìlì òun. Tó bá jẹ́ ìbọn lẹ fẹ́ wò, ẹ wá síbí. Ẹ ò ní sanwó ẹnu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ẹ ní Sátidé lẹ̀ ń wí. Àlàájà ti ní àwọn máa lọ ní Sátidé. Wọn ò ní wọlé. Wọ́n ní kí n bá wọn gbé àga kan lọ sí ẹnu ọ̀nà, àwọn á jókòó síbẹ̀, àwọn á máa kí ẹni tó ń wọlé. Mo bi wọ́n bóyá ká gbé àwòrán Jámíù dání, kí àwọn èèyàn lè mọ ohun tí a bá wá. Wọ́n ní rárá, àwòrán Jámíù ò ní kúrò lára ògiri àwọn. Wọ́n ní, "Èmi gan-an ni kí wọ́n wò."

Káyọ̀dé gbọ́ nípa rẹ̀, ó wá síbí lánàá. Ẹnu ọ̀nà yẹn kan náà ni iṣẹ́ rẹ̀ máa wà ní Sátidé. Ó jókòó síbi tí Wàsíù jókòó sí yẹn, ó ń yí fìlà lọ́wọ́, ó ń bi Àlàájà, tí àwọn náà wà níbí, ohun tí òun máa ṣe tí wọ́n bá ní kí òun lé wọn. Àlàájà ní kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kó ṣáà máa kí àwọn tó bá ń kọjá. Lẹ́yìn náà, wọ́n bi í bóyá ó ti jẹun.

Len ń bọ̀, Múlíkátù ti gba àyè níbi iṣẹ́, èmi náà á ti fi róòbù pa orókún mi. Ẹ bi mí bóyá ìpàtẹ náà ṣì tó ohun téèyàn ń lọ. Ó tó. Ẹ tètè wá, àárọ̀ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, kí olúkúlùkù yín sì gbé àga tirẹ̀ dání.